Ajá Tí Ẹ Gbà Sílé: Ẹ Jẹ́ Kí Dókítà Ẹranko Kọ́kọ́ Rí I



Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan, bí mo ṣe ti mọ́sálásí dé ṣọ́ọ̀bù báyìí, bàbá kan wọlé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin tí kò lè ju ọmọ ọdún méje lọ. Ìbòrí ilé kéwú ṣì wà lórí ọmọ náà. Wọ́n ti fi àkísà di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, epo pupa sì ti rin àkísà náà gbingbin. Bàbá náà ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gún TT fún un. Ajá ilé ló gé e jẹ." (Ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní dókítà, mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́: apòògùn ni mí.)

Mo bi í pé ajá ta ni. Ó ní tiwọn ni, kì í ṣe ajá ìgboro. Mo bi í pé láti ìgbà wo ló ti di tiwọn. Ó ní ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni àwọn ọmọ rí i lẹ́bàá títì, ebi ń pa á, ó ń tiro, àánú ṣe wọ́n, ni wọ́n bá mú un wálé. Mo ní, ṣé ó ti gba abẹ́rẹ́? Ó wò mí bí ẹni pé mo ń fi í ṣeré. "Abẹ́rẹ́ kẹ̀? Ajá?"

Mo mú ọmọ náà lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù níbi tí ẹ̀rọ omi wà. A tú àkísà náà, a fi ọṣẹ nu epo náà kúrò, a sì fi omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko. Ọmọ náà ń sunkún, bàbá rẹ̀ ń wo aago. Lẹ́yìn náà ni mo kọ̀wé lé wọn lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. N óò padà sórí ọ̀rọ̀ wọn.

Ẹ̀yin ará mi, ajá wà nínú ọgbà àwa Mùsùlùmí ju bí a ṣe ń jẹ́wọ́ rẹ̀ lọ. Olè ń bẹ lóde, ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì ń kọ́lé sí ẹ̀yìn ìlú níbi tí iná ìjọba kò tíì dé. Ayálégbé á kó jáde, á fi ajá rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn bíríkìlà á parí iṣẹ́, ajá tí wọ́n ń fún ní àjẹkù kò ní bá wọn lọ. Ẹlòmíràn á rìnrìn àjò lọ sí ìlú òyìnbó, á fa tirẹ̀ lé aládùúgbò lọ́wọ́. Irú ajá bẹ́ẹ̀ ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, èyí tí a kò mọ ìtàn rẹ̀, tí a gbà nítorí àánú tàbí nítorí ìṣọ́ ilé.

Gbogbo wa la ti gbọ́ nípa ọkùnrin tó sọ̀kalẹ̀ sínú kànga, tó fi bàtà rẹ̀ pọn omi fún ajá tí òùngbẹ ń pa kú lọ, tí Ọlọ́hun sì torí ẹ̀ forí jì í. Bùhárì àti Múslímù ló gba hádíìsì náà wá. A sì ti gbọ́ ti obìnrin tó ti ológbò mọ́lé, tí kò fún un lóúnjẹ, tí kò sì jẹ́ kó jáde lọ wá tirẹ̀. Ohun tí mò ń rí nídìí iṣẹ́ mi ni pé àánú tiwa máa ń dúró sórí ìrẹsì àjẹkù. Ajá tí a kò mọ ìtàn rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí dókítà ẹranko kí àwọn ọmọ tó máa sún mọ́ ọn. Kí a má dúró títí yóò fi ṣàìsàn, ká má tilẹ̀ sọ ìgbà tó bá gé ènìyàn jẹ.

Dìgbòlugi ni ìdí tó lágbára jù. Orúkọ náà kò ṣàjèjì sí wa, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ajá tó ń sáré kiri, tí itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀, tó ń gé ohun gbogbo tó bá rí jẹ, nìkan ló ní in. Oríṣi mìíràn wà tó jẹ́ pé ńṣe ni ajá náà máa dákẹ́. Á fà sẹ́yìn sí kọ̀rọ̀ kan, àgbọ̀n rẹ̀ á rọ sílẹ̀, kò ní lè gbé omi mì, ohùn rẹ̀ á há. Ẹni tó láàánú á rò pé egungun há a lọ́fun, á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Èyí tó tún ṣòro ni pé itọ́ ajá náà lè ti ní àrùn yìí nínú fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó rí àmì kankan lára rẹ̀.

Bí ajá bẹ́ẹ̀ bá gé ènìyàn jẹ, tàbí tí itọ́ rẹ̀ kan ojú egbò, kòkòrò àrùn náà á wọ inú iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ, á sì máa rọra gùn ún lọ díẹ̀díẹ̀. Ó lè gbà tó oṣù kan sí mẹ́ta kó tó dé ọpọlọ. Nígbà mìíràn ó máa ń yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà mìíràn ó máa ń pẹ́ tó ọdún kan. Ní gbogbo àkókò yẹn, ara onítọ̀hún á le koko, egbò á ti jinná, a ó ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n tí àmì bá ti yọ, tí onítọ̀hún bá ti ń bẹ̀rù omi, kò sí oògùn. N kò sọ pé oògùn rẹ̀ wọ́n o. Kò sí oògùn tó ń wò ó ní ṣọ́ọ̀bù mi, kò sí ní ilé ìwòsàn ńlá kankan, ikú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń já sí nígbà gbogbo. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni àrùn yìí ń pa lọ́dọọdún, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní Áfíríkà àti Éṣíà. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó bá mú, 99 ló jẹ́ pé ara ajá ni wọ́n ti kó o.

Àwọn ọmọdé ló ń forí fá a jù. Wọn kò ga, nítorí náà orí àti ojú wọn ni ajá máa ń bá, ibẹ̀ sì súnmọ́ ọpọlọ. Ohun kan tún wà tó kan àwa ní tiwa, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ọmọ tí wọ́n ti sọ fún lójoojúmọ́ pé bó bá fọwọ́ kan ajá, àlùwàlá rẹ̀ ti bàjẹ́, aṣọ rẹ̀ ti di ẹ̀gbin, pàṣán sì ń bẹ, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í wá sọ fún ìyá rẹ̀ pé ajá ti gé òun jẹ. Á fi apá aṣọ bò ó. Á ní wáyà ló ya òun. Mo ti bá irú rẹ̀ pàdé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín lónìí pé ẹni tí ajá bá gé jẹ tàbí tó ya ní èékánná kò ní jẹ pàṣán, kó ṣáà ti tètè sọ.

Abẹ́rẹ́ tó ń dènà àrùn yìí kì í ṣe ohun tuntun. Ọdún 1885 ni Louis Pasteur, ní ìlú Paris, lo àjẹsára rẹ̀ fún ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan tí ajá dìgbòlugi gé jẹ, ọmọ náà kò sì kú. Ti ajá náà kò jìnnà sí wa: ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí ìlera ẹranko tó wà ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924, ń ṣe é níbí. Abẹ́rẹ́ ẹyọ kan lọ́dún fún ajá ni ó ń gba gbogbo ilé sílẹ̀ lọ́wọ́ ohun tí mo kà sókè yìí.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi náà. Nígbà tí a ń kọ́ ilé àlùwàlá tuntun sí mọ́sálásí wa, ajá kan ń bá àwọn òṣìṣẹ́ gbé. Wọ́n parí, wọ́n lọ, ajá dúró. Mẹ́gàádì wa ti sọ ọ́ ní Bingo, ó sì ti ń fún un lóúnjẹ. Àwọn kan ní kí a lé e, àwọn kan ní kí a jẹ́ kó máa ṣọ́ jẹnẹrétọ̀. Ìmáàmù wa ní ajá ìṣọ́ kò burú, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ géètì ni kó mọ, kó má dé ibi ìrun, kó má dé ibi àlùwàlá. Wọ́n ní kí èmi tí mò ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìlera wò ó bóyá ara rẹ̀ dá. Mo wò ó: ara rẹ̀ gbóná, kò fẹ́ jẹun, eégbọn wà ní etí rẹ̀ bí èso ìgbá. Mẹ́gàádì ti wá kọ́ńdẹ́m ọ́ìlì lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ó fẹ́ fi kùn ún lára. Mo lé e pẹ̀lú ọ́ìlì rẹ̀. Èmi wá lọ ka parasítámọ́ọ̀lù àti oògùn aràn láti inú ṣọ́ọ̀bù mi, mo ń fi ìwọ̀n ọmọdé ṣírò rẹ̀. Ohun tí mo ń bá yín jà lé lórí, tí mo ń ní kí ẹ má ṣe é fún ọmọ yín, ni mo fẹ́ ṣe fún ajá.

Ọlọ́hun ló ní kí n kọ́kọ́ pe àbúrò kan tí a jọ wà ní yunifásítì, dókítà ẹranko ni òun. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ má fún un ní nǹkankan. Ẹ mú un wá."

A mú un lọ. Mo fẹ́ sọ ohun tí wọ́n ṣe fún un bó ṣe rí, nítorí pé púpọ̀ nínú yín kò tíì dé irú ibẹ̀ rí, ẹ sì lè rò pé abẹ́rẹ́ kan ṣá ni wọ́n máa ń gún. Wọ́n kọ́kọ́ gbé e sórí ìwọ̀n. Dókítà náà wo eyín rẹ̀, ó ní kò lè ju bí ọmọ ọdún méjì lọ. Ó fi ohun ìwọn ìgbóná sí i ní ìdí. Ó jẹ́ 40.3. Ara ajá gbóná ju tiwa lọ, bíi 38 sí 39 ni tirẹ̀ máa ń wà, nítorí náà ọwọ́ tí ẹ bá fi kàn án kò lè sọ fún yín bóyá ibà ló ní. Ó gbé ètè rẹ̀ sókè, ó fi hàn mí bí èrìgì rẹ̀ ṣe funfun dípò kó pọ́n. Ó tẹ ikùn rẹ̀, ó gbọ́ àyà rẹ̀, ó wo inú etí àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, níbi tí eégbọn máa ń fi ara pamọ́ sí. Ó gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, ó gba ìgbẹ́ díẹ̀, ó lọ wò wọ́n lábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi.

Nígbà tó padà dé, ó ní kí n wá wo ohun tó rí. Nínú ẹ̀jẹ̀ Bingo ni kòkòrò kan wà, ó wà nínú àwọn hóró ẹ̀jẹ̀ pupa gan-an, ó ń jẹ wọ́n run. Bí ẹ̀fọn ṣe ń gbé ibà wá fún wa ni eégbọn ṣe ń gbé èyí wá fún ajá. Ìdí tí èrìgì rẹ̀ fi funfun nìyẹn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń tán. Aràn náà wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ fún ibà náà, wọ́n fún un ní oògùn aràn tó bá ìwọ̀n rẹ̀ mu, wọ́n fi oògùn eégbọn tí a ṣe fún ajá sí i lẹ́yìn ọrùn. Mo ní kó kúkú gún ti dìgbòlugi náà ká jọ lọ. Ó kọ̀. Ó ní ajá tí ara rẹ̀ kò dá kì í gba àjẹsára dáadáa, kí a dá a padà ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó sì wà lórí okùn títí dìgbà náà, kí ọmọdé kankan má sún mọ́ ọn. Nígbà tí a padà lọ, ó ti sanra díẹ̀, èrìgì rẹ̀ ti pọ́n, ó sì gba abẹ́rẹ́ rẹ̀. Wọ́n fún wa ní káàdì, bí èyí tí wọ́n ń fún àwọn ìyá ọlọ́mọ.

Ká ní mo ti fún un ní parasítámọ́ọ̀lù tèmi, ara rẹ̀ ì bá tutù fún wákàtí díẹ̀, a ó ní ó ti yá, kòkòrò yẹn ì bá sì máa jẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ ní tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni parasítámọ́ọ̀lù tó bá ti pọ̀ jù máa ń ba ẹ̀dọ̀ ajá jẹ́. Ibuprofen àti diclofenac tiẹ̀ tún burú sí i, nítorí wọ́n lè dá egbò sí i nínú, kí wọ́n sì ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Ẹ má ṣe wá rà á lọ́wọ́ mi fún ajá, n kò ní tà á. Kọ́ńdẹ́m ọ́ìlì ń jó awọ ara, ajá á sì lá a mì. Ní ti oògùn apakòkòrò olómi tí àwọn kan ń pò mọ́ omi láti fi wẹ ajá nítorí eégbọn, oró gidi ni. Ó ń gba awọ ara wọlé sára ajá, ó sì ń gba ọwọ́ wọlé sára ọmọ tó ń bá yín wẹ̀ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa aràn, nítorí ibẹ̀ ni ìmọ́tótó ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Aràn kan wà tí ọ̀pọ̀ ọmọ ajá ti ń gbé bọ̀ láti inú ìyá wọn. Ẹyin rẹ̀ ń bá ìgbẹ́ jáde, kò sì lè ran ènìyàn lójú ẹsẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ wà nínú ilẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kó tó gbó. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbó, ó lè wà nínú yẹ̀pẹ̀ fún ọdún mélòó kan, òjò á rọ̀ lé e, oòrùn á pa á, kò ní kú. Ọmọ tó ń fi yẹ̀pẹ̀ ṣeré, tó wá fi ọwọ́ náà jẹ búrẹ́dì, ló máa gbé e mì. Ọmọ aràn náà á máa rìn kiri nínú ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, nígbà mìíràn á dé ojú, ó sì lè ba ìríran jẹ́. Òmíràn wà tó máa ń gba awọ ẹsẹ̀ wọlé bí ènìyàn bá rìn láìwọ bàtà, á máa fa ìlà wíwọ́ tó ń yún ni lábẹ́ awọ.

Ẹ wá rí i pé ọmọ tí kò fọwọ́ kan ajá rí láyé rẹ̀ lè kó aràn ajá. Èyí ló ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Wọ́n á ní, "Àwa kì í jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń tẹ̀. Nítorí náà, ẹ máa kó ìgbẹ́ ajá lójoojúmọ́, kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹyin yẹn ń retí. Ẹ fi ṣọ́bìrì kó o, ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìnnà sí kànga àti sí ibi tí ẹ gbin ẹ̀fọ́ sí. Kí ajá náà sì máa lo oògùn aràn: ọmọ ajá láti bí ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n bí i, ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì títí yóò fi tó oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà ní oṣooṣù títí di oṣù mẹ́fà, àgbà ajá, ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Dókítà ni yóò sọ oògùn tó jẹ́ àti ìwọ̀n rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ nájísì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń sá fún ilé ìwòsàn ẹranko. Obìnrin kan bi mí ní ìpàdé àsálátù pé báwo ni òun ṣe máa gbé ajá sínú ọkọ̀ kí òun tún kírun. Ìdáhùn àáfà wa ni mo fún un, mo sì ń sọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Àwọn onímọ̀ kò sọ ohun kan náà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní mazhab Máálíkì, tí àwa ní ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀lé, ajá tó wà láàyè kì í ṣe nájísì. Fífọ abọ́ tí ajá fi ẹnu kàn, a gbà á bí àṣẹ ìjọsìn. Ní mazhab Ṣáfíì àti Hànbálì, nájísì ni ajá àti itọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sá fún iyèméjì, kó ní aṣọ kan lọ́tọ̀ tó fi ń bójú tó ajá, kó fọ ibi tí itọ́ kàn, kó sì lọ kírun rẹ̀. Ajá ọdẹ, ajá ẹran ọ̀sìn àti ajá oko, ẹ̀sìn yọ̀ǹda wọn, àwọn onímọ̀ púpọ̀ sì ka ajá ìṣọ́ ilé mọ́ wọn. Súúrà Káfì sì sọ fún wa nípa ajá tó nà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ihò àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wọ̀nyẹn.

Ohun kan ni mo máa fi kún un gẹ́gẹ́ bí apòògùn. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń wàásù pé abọ́ tí a fọ̀ nígbà méje, tí a fi yẹ̀pẹ̀ fọ̀ nígbà kan nínú rẹ̀, ń pa kòkòrò dìgbòlugi. Ẹ jẹ́ ká ṣe àṣẹ náà nítorí pé àṣẹ ni. Ẹ má fi rọ́pò àjẹsára, ẹ má sì fi yẹ̀pẹ̀ kan ojú egbò láéláé.

Tí ẹ bá fẹ́ gbé ajá lọ, ẹ má gbé e sórí ọ̀kadà. Ẹ fi okùn tó lágbára sí i lọ́rùn, ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà kan ṣoṣo mú un. Bí ẹ kò bá mọ ìwà rẹ̀ dáadáa, ẹ fi aṣọ rọ̀bọ̀tọ̀ di ẹnu rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kì í ṣe títí ọ̀nà nínú oòrùn, torí ẹnu ni ajá fi ń tu ara rẹ̀ lára. Ẹ kó ìgbẹ́ òwúrọ̀ ọjọ́ náà sínú ọ̀rá mímọ́ dání. Ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ mọ̀: ibi tí ẹ ti rí i, ọjọ́ tó ti wà lọ́dọ̀ yín, ẹni tó gé jẹ bó bá ti gé ẹnikẹ́ni jẹ, oògùn tí ẹ ti lò fún un, kódà bó jẹ́ kọ́ńdẹ́m ọ́ìlì. Dókítà kò ní nà yín. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó wà ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, ó wà ní Yunifásítì Ìlọrin. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní tiwọn, àwọn aládàáni sì pọ̀ nígboro. Ẹ bi wọ́n léèrè iye tí wọ́n ń gbà kí ẹ tó lọ. Bí agbára kò bá gbé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ sọ ọ́ láìtijú. Ti dìgbòlugi ni ẹ kò gbọ́dọ̀ fò.

Ọmọ ajá lè gba ti dìgbòlugi láti oṣù mẹ́ta, kó sì máa gbà á lọ́dọọdún. Àjẹsára mìíràn wà fún un láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, èyí tó ń dènà àwọn àrùn bíi párífò tó ń mú ọmọ ajá bì tó sì ń mú un yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Ní ti títẹ ajá lọ́dàá kó má baà máa bímọ kiri, dókítà á ṣàlàyé àǹfààní rẹ̀; ẹ bi àáfà yín léèrè pẹ̀lú, nítorí àríyànjiyàn wà lórí rẹ̀.

Bí ajá bá sì ti wá gé ènìyàn jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 15 ni àkọ́kọ́. Kì í ṣe epo, kì í ṣe iyọ̀, kì í ṣe àgúnmu. Lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn, lọ́jọ́ náà gan-an. TT wúlò fún ti ìṣó tó gún ni, wọ́n sì lè gún un mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò mọ dìgbòlugi rí. Àjẹsára dìgbòlugi fún ènìyàn kì í ṣe ẹyọ kan: wọ́n ń gún un ní ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, ọjọ́ kẹta, ọjọ́ keje, ọjọ́ kẹrìnlá, wọ́n sì lè fi ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n kún un. Apá ni wọ́n ń gún un, kì í ṣe ikùn bí àwọn àgbà ṣe máa ń sọ. Bí egbò bá jìn, oògùn mìíràn tún wà tí wọ́n ń gún yí ojú egbò ká. Ẹ má sì pa ajá náà. Ẹ so ó mọ́lẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní sún mọ́ ọn, ẹ fún un lóúnjẹ àti omi, ẹ sọ fún dókítà ẹranko, kí ẹ sì máa wò ó fún ọjọ́ 10. Bí dìgbòlugi ti wà nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó gé ènìyàn jẹ, àìsàn náà á hàn lára rẹ̀ tàbí kó kú kí ọjọ́ 10 yẹn tó pé. Ajá tí ẹ ti pa, tí ẹ ti jù sí odò, kò lè sọ nǹkankan fún wa mọ́.

Bàbá tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tó lọ kò ní àjẹsára nílẹ̀, èkejì ló ti rí i, lẹ́yìn ìrun Íṣáì. Ó ní owó tí òun san fún abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ yẹn nìkan, òun ì bá fi tọ́jú ajá fún ọdún bíi mélòó. Àwọn ará àdúgbò ti mú igi jáde láti pa ajá náà. Ó bẹ̀ wọ́n, ó so ó mọ́ ìdí ọsàn lẹ́yìnkùlé. Ọjọ́ mẹ́wàá náà gùn fún un ju Ramadan lọ. Lójoojúmọ́ lẹ́yìn Súbúhì, á lọ dúró lọ́ọ̀ọ́kán, á máa wò ó bóyá ó mu omi. Bó bá ti mu ún, á tẹ̀ mí láago.

Ní ọjọ́ kọkànlá, dókítà ilé ìwòsàn ní kí wọ́n dá abẹ́rẹ́ ọmọ náà dúró, nítorí ara ajá le. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni mo rí wọn nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Bàbá náà di okùn ajá mú nísàlẹ̀, aṣọ iṣẹ́ oko ló wọ̀. Ọmọ rẹ̀ jókòó sí ìjókòó iwájú lọ́dọ̀ onímàrúwá, ó di ọ̀rá kan mú tí wọ́n ti so lẹ́nu dáadáa, ó ń pariwo sí mi pé ìgbẹ́ ni.